Láti Ìtìmọ́lé dé Ìfọ̀rọ̀wérọ̀: Ìtàn Iyèméjì lórí Ìtọ́jú Àìsàn Ọpọlọ ní Ilẹ̀ Yorùbá àti Ẹ̀kọ́ Rẹ̀ fún Àríwá Èkìtì

Àṣamọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí ṣàgbéyẹ̀wò ìtàn bí àwọn olùtọ́jú ṣe ń bá aláìsàn ọpọlọ àti ẹbí rẹ̀ lò nígbà tí ọkàn wọn bá pín sí méjì lórí ìtọ́jú. Ó tọpa ìtàn náà láti ilé ìtìmọ́lé Yábàá ní 1907, dé ètò abúlé Àró ní 1954, títí dé ọgbọ́n ìfọ̀rọ̀wérọ̀ aṣèwúrí tí William R. Miller àti Stephen Rollnick gbé kalẹ̀. Àgbègbè Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́ àti Ìdó ní àríwá Ìpínlẹ̀ Èkìtì ni a fi ṣe òṣùwọ̀n ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú ìtàn náà. Àpilẹ̀kọ náà fi hàn pé iyèméjì kì í ṣe àìmọ̀kan tàbí oríkunkun, pé ipá àti àṣẹ kò fi ìgbà kan rí yanjú rẹ̀, àti pé ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ tí ó ń jẹ́ kí aláìsàn gbọ́ ohùn ara rẹ̀ kò ṣàjèjì sí àṣà Yorùbá. Ó tún tọ́ka sí ààlà ọgbọ́n náà, ó sì sọ ohun tí olùkọ́ lè ṣe àti èyí tí kò gbọdọ̀ ṣe.

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní wèrè dùn-ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Òwe yìí ní ìtumọ̀ méjì nínú. Ìkíní ni pé ohun tí àwọn ènìyàn ń fi ṣe ìran wò lọ́jà ni ó ń di ẹkún nínú ilé tí ó ti ṣẹlẹ̀. Ìkejì, èyí tí a kì í sábà sọ jáde, ni pé kò sí ẹbí tí ó fẹ́ kí a mọ̀ ọ́n mọ àìsàn náà. Ibi tí ìtumọ̀ méjèèjì ti pàdé ni iyèméjì ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹbí mọ̀ pé ọmọ wọn kò sùn fún ọjọ́ mélòó kan, wọ́n gbọ́ bí ó ṣe ń dá sọ̀rọ̀ lóru, wọ́n sì fẹ́ kí ara rẹ̀ yá. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé e dé ilé ìwòsàn, a ó kọ orúkọ àìsàn náà sínú ìwé. Lójú wọn, gbígba ìtọ́jú dà bí ìgbà tí a bá gba orúkọ náà fún gbogbo ìdílé, fún ẹ̀gbọ́n tí ó fẹ́ gbéyàwó àti fún àbúrò tí kò tíì lọ́kọ.

Àwọn òǹkọ̀wé ìtàn ìṣègùn ti sọ̀rọ̀ púpọ̀ nípa ilé ìwòsàn, nípa òfin àti nípa oògùn. Ohun tí ó jẹ àpilẹ̀kọ yìí lógún ni ọ̀rọ̀ ẹnu: kí ni olùtọ́jú ń sọ fún ẹni tí ó ń fẹ́ ìwòsàn tí ó sì ń sá fún un lẹ́ẹ̀kan náà? Ìbéèrè yìí kan àwọn olùkọ́ àti àwọn tí ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ gbọ̀ngbọ̀n, nítorí pé ní ọ̀pọ̀ ìletò, olùkọ́ wà lára àwọn tí ẹbí ń kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ lọ̀ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ dókítà.

Àríwá Èkìtì àti ọ̀nà mẹ́ta tí ó wà níwájú ẹbí

Ìjọba ìbílẹ̀ márùn-ún ni ó wà ní ẹkùn àríwá Ìpínlẹ̀ Èkìtì: Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́, Ìdó-Òsì, Mọ̀bà àti Iléjeméje. Abẹ́ Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ni àgbègbè yìí wà nígbà tí Nàìjíríà gba òmìnira ní 1960. Ó di ara Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní 1976, ó sì di ara Ìpínlẹ̀ Èkìtì ní ọjọ́ kìíní oṣù Ọ̀wàwà, ọdún 1996. Ní gbogbo àkókò yìí, Yábàá àti Abẹ́òkúta ni orúkọ wọn gbajúmọ̀ jù fún ìtọ́jú àìsàn ọpọlọ ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá. Ẹni tí yóò gbé aláìsàn láti Ìkọ̀lé lọ sí Abẹ́òkúta yóò la ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà àti Ìbàdàn kọjá. Owó ọkọ̀ wà ńbẹ̀, ojú ayé wà ńbẹ̀, ẹni tí yóò dúró ti aláìsàn yóò sì fi oko tàbí ọjà rẹ̀ sílẹ̀.

Nítorí náà, ọ̀nà tí ó sún mọ́ ilé ni ẹbí ń kọ́kọ́ tọ̀. Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni ti adáhunṣe, tí ó mọ ewé àti egbò. Ọ̀nà kejì ni ti àdúrà. Ìsọjí tí Joseph Ayọ̀ Babalọlá darí ní Iléṣà ní 1930 tàn wọ ilẹ̀ Èkìtì láìpẹ́, ìlú Ẹ̀fọ̀n-Aláayè sì di ojúkò iṣẹ́ rẹ̀. Nínú ìjọ tí ó wá di Christ Apostolic Church, ìwòsàn láti ọwọ́ Ọlọ́run láìlo oògùn jẹ́ ẹ̀kọ́ pàtàkì. Ọ̀rọ̀ bóyá ó tọ́ kí òjíṣẹ́ Ọlọ́run lo oògùn ibà wà lára ohun tí ó fa ìpínyà láàárín wọn àti àwọn míṣọ́nnárì òyìnbó ní òpin àwọn ọdún 1930. Ọ̀nà kẹta ni ti ilé ìwòsàn. Ilé ìwòsàn ńlá tí Ìjọba Àpapọ̀ gbé kalẹ̀ ní Ìdó-Èkìtì ní 1998, tí ó ti di ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn lónìí, mú ọ̀nà kẹta yìí súnmọ́lé ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ tí a dá sílẹ̀ ní 2011 ní Ọ̀yẹ́, tí ó ní ọgbà kejì ní Ìkọ̀lé, sì kó ẹgbàágbèje ọ̀dọ́ wọ àgbègbè náà, pẹ̀lú àníyàn ọkàn tiwọn.

Síbẹ̀, kíkúrú ọ̀nà kò túmọ̀ sí òpin iyèméjì. Ẹbí kan náà lè máa rìn ní ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀: oògùn dókítà lábẹ́ ìrọ̀rí, omi àdúrà lórí tábìlì, àgbo nínú ìkòkò. Ẹni tí ó bá pe èyí ní òmùgọ̀ kò tíì ronú jinlẹ̀. Ẹbí náà kò fẹ́ ti ilẹ̀kùn kankan tí ìwòsàn lè gbà wọlé.

Orúkọ àìsàn àti ohun tí ó fà á

Yorùbá kò ka gbogbo àìsàn ọpọlọ sí ọ̀kan náà. Àṣínwín ni èyí tí ó dé lójijì pẹ̀lú agbára. Abisínwín ni ti ìyá ọlọ́mọ tuntun. Wèrè aláṣọ ni ti ẹni tí ó ṣì ń wọṣọ, tí ó ń rìn láàárín àwùjọ, ṣùgbọ́n tí ìṣe rẹ̀ ti yàtọ̀. Raymond Prince, oníṣègùn ọpọlọ ará Kánádà tí ó ṣiṣẹ́ ní Abẹ́òkúta ní òpin àwọn ọdún 1950, ṣàkọsílẹ̀ irú ìpín báyìí láti ẹnu àwọn adáhunṣe, ó sì tẹ ìwádìí náà jáde ní 1964. Wọ́n tún pín orísun àìsàn: àfọwọ́fà, tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ fà, àfiṣe, tí ọ̀tá fi ṣe ni, àti àmútọ̀runwá. Asọ́fẹ́yẹjẹ wà lára igi tí wọ́n ń lò láti mú aláìsàn rọ̀, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì sì rí i ní àárín àwọn ọdún 1900 pé irú igi bẹ́ẹ̀ ní èròjà reserpine tí ń mú ọpọlọ balẹ̀.

Ìpín orísun yìí ṣe pàtàkì fún ọ̀rọ̀ iyèméjì. Ẹni tí ó gbà pé àfiṣe ni àìsàn ọmọ òun lè gbà kí dókítà fún un ní oògùn oorun, ṣùgbọ́n kò ní gbà pé oògùn náà dé ìdí ọ̀rọ̀. Bí ọmọ náà bá sùn dáadáa tán, yóò dá oògùn dúró, yóò wá lọ bá ẹni tí ó lè tú ohun tí ọ̀tá dì. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ àfọwọ́fà ní ewu tirẹ̀. Nínú ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2005, tí wọ́n ṣe láàárín àwọn tí ń sọ èdè Yorùbá ní Ògùn, Ọ̀ṣun àti Ọ̀yọ́, ìdá 80.8 nínú 100 ni ó ka ìlòkulò oògùn àti ọtí sí ohun tí ń fa àìsàn ọpọlọ. Ìdá 82.7 sọ pé ẹ̀rù yóò ba àwọn láti bá aláìsàn ọpọlọ sọ̀rọ̀; ìdá 16.9 péré ni ó lè ronú láti fẹ́ ẹ. Ìwádìí náà kò dé Èkìtì, ṣùgbọ́n kò sí ìdí láti rò pé ojú ayé fúyẹ́ níbẹ̀ jù. Bí ẹni mẹ́jọ nínú mẹ́wàá bá ń bẹ̀rù àtibá ènìyàn sọ̀rọ̀, ta ni yóò yá a lára láti jẹ́ orúkọ náà?

Àsìkò àṣẹ àti ìtìmọ́lé, 1906 sí 1954

Ìjọba amúnisìn ṣe òfin lórí àwọn tí ó pè ní wèrè ní Gúúsù Nàìjíríà ní 1906. Ní 1907, wọ́n ṣí ilé ìtìmọ́lé Yábàá ní Èkó. Wọ́n tún òfin náà ṣe ní 1916, òmíràn sì tẹ̀ lé e ní 1958. Lábẹ́ irú òfin yìí, adájọ́ ní agbára láti pàṣẹ pé kí a ti ẹnì kan mọ́lé lẹ́yìn tí dókítà bá ti fọwọ́ sí i. Orí ààbò ìlú ni òfin náà dúró lé. Ohun tí aláìsàn fúnra rẹ̀ rò kò sí nínú ìṣirò. Jonathan Sadowsky, nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1999 lórí ìtàn àwọn ilé náà ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà, fi hàn pé ìtìmọ́lé ni iṣẹ́ wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún, pé ìtọ́jú kò tó nǹkan.

Kò yẹ kí a dá ìjọba amúnisìn nìkan lẹ́bi. Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ti wà lọ́wọ́ àwọn adáhunṣe kan, ó sì wọ àwọn ilé àdúrà kan pẹ̀lú. Ní 2019, àjọ Human Rights Watch ṣe ìròyìn lórí ibùdó 28 tí ó bẹ̀wò sí ní ìpínlẹ̀ mẹ́jọ àti ní olú-ìlú Àbújá, ó sì jẹ́rìí sí i pé wọ́n ṣì ń de ènìyàn mọ́lẹ̀. Ohun tí ilé ìtìmọ́lé ìjọba àti ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ìbílẹ̀ fi jọra ni pé àwọn méjèèjì gbà pé aláìsàn kò ní ohun kan tí ó yẹ ní gbígbọ́. Àbájáde wọn sì jọra: ẹni tí ó bá jáde kì í fẹ́ padà, ẹbí tí ó bá sì gbọ́ ìròyìn rẹ̀ a máa fi aláìsàn tiwọn pamọ́. Bí a bá fa gbùúrù, gbùúrù a fa igbó.

Abúlé Àró: ìtọ́jú tí ó jókòó ti ẹbí

Ní 1954, Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta tí a bí ní 1923, tí ó kọ́ ìṣègùn ní Birmingham tí ó sì kọ́ ìṣègùn ọpọlọ ní Lọ́ńdọ̀nù, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Àró. Ilé ìwòsàn náà kò tíì parí nígbà náà. Lambo kò dúró de bíríkì. Ó bá àwọn ará abúlé mẹ́rin tí ó yí ibẹ̀ ká sọ̀rọ̀, wọ́n sì gbà láti fi yàrá háyà fún àwọn aláìsàn. Òfin kan ni ó fi lélẹ̀: aláìsàn kò gbọdọ̀ dá wá, ìyá, ẹ̀gbọ́n, ìyàwó tàbí ìbátan mìíràn gbọ́dọ̀ bá a wá láti máa se oúnjẹ fún un, láti máa fọ aṣọ rẹ̀, àti láti máa mú un lọ sí ilé ìwòsàn láàárọ̀. Lọ́sàn-án, aláìsàn a padà sí abúlé, a máa ṣiṣẹ́, a sì máa bá àwọn ènìyàn gbé. Àwọn ará abúlé náà jèrè: a yá wọn lówó láti tún ilé ṣe, a fa omi, a sì gbógun ti ẹ̀fọn. Lambo tún gba àwọn adáhunṣe síṣẹ́ nínú ètò náà lábẹ́ àbójútó dókítà.

Ayé gbọ́ nípa Àró. Ní oṣù Bélú 1961, àpérò àwọn oníṣègùn ọpọlọ ilẹ̀ Áfíríkà, irú rẹ̀ àkọ́kọ́, wáyé ní Abẹ́òkúta. Ní ọdún kan náà, Àró àti Yunifásítì Cornell ti Amẹ́ríkà jọ ṣe ìwádìí nínú àwọn abúlé Yorùbá. Ìwé wọn jáde ní 1963. Tọ́lání Àsúní tẹ̀ lé Lambo gẹ́gẹ́ bí olórí ilé ìwòsàn náà, nígbà tí Lambo tẹ̀síwájú dé ipò Igbákejì Olùdarí Àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé.

Ètò Àró dín iyèméjì kù ní ọ̀nà mẹ́ta. Ó mú ẹ̀rù ìtìmọ́lé kúrò, nítorí pé kò sí ògiri tí ó yí abúlé ká. Ó gbà kí ìbátan fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tí dókítà ń ṣe, kí ó sì lè ròyìn rẹ̀ nílé. Ó sì bu ọ̀wọ̀ fún ìgbàgbọ́ aláìsàn nípa orísun àìsàn rẹ̀, dípò kí ó fi í ṣẹ̀sín. Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ sọ ohun tí kò ṣe. Ẹbí ni ó ń pinnu pé kí aláìsàn wá, ẹbí ni ó sì ń dúró tì í. Bí ẹbí bá ti padà sílé, ọ̀rọ̀ oògùn di ọwọ́ aláìsàn fúnra rẹ̀, níbi tí kò sí dókítà nítòsí. Ìbéèrè tí ó ṣẹ́ kù ni èyí: báwo ni a ṣe lè bá ẹni náà sọ̀rọ̀ kí ìpinnu lè ti inú rẹ̀ wá?

Ìfọ̀rọ̀wérọ̀ aṣèwúrí: orísun àti ìlànà

Ìdáhùn kan sí ìbéèrè yìí ti ọ̀nà jíjìn wá. Ní 1982, William R. Miller, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá láti Yunifásítì New Mexico ní Amẹ́ríkà, lọ bá àwọn tí ń tọ́jú ọ̀mùtí ṣiṣẹ́ nítòsí ìlú Bergen ní Norway. Bí àwọn ọ̀dọ́ olùtọ́jú ibẹ̀ ṣe ń bi í léèrè ìdí tí ó fi sọ èyí tí kò sì sọ tọ̀hún ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í to ọgbọ́n rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Ó tẹ àpilẹ̀kọ lórí rẹ̀ jáde ní 1983. Ní 1989, ó pàdé Stephen Rollnick ní Ọsirélíà, ọmọ Gúúsù Áfíríkà tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Wales. Àwọn méjèèjì kọ ìwé àkọ́kọ́ ní 1991. Ẹ̀dà kejì jáde ní 2002, ẹ̀kẹta ní 2013, ẹ̀kẹrin ní 2023. Motivational interviewing ni orúkọ rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ìfọ̀rọ̀wérọ̀ aṣèwúrí ni àpilẹ̀kọ yìí ń pè é.

Ìpìlẹ̀ ọgbọ́n náà ni pé ohùn méjì ni ó wà nínú ẹni tí ń ṣiyèméjì: ọ̀kan ń sọ ìdí tí ó fi yẹ kí ó yí padà, èkejì ń sọ ìdí tí kò fi yẹ. Bí olùtọ́jú bá gba ohùn ìkíní sọ, ohùn kejì nìkan ni ó kù fún aláìsàn láti sọ. Bí ó bá sì ṣe ń sọ ọ́ tó ni yóò máa gbà á gbọ́ tó. Nítorí náà, iṣẹ́ olùtọ́jú ni láti jẹ́ kí aláìsàn fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ìdí ìyípadà. Ohun èlò mẹ́rin ni ó ń lò: ìbéèrè tí kò ṣeé fi bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ dáhùn; gbígbóríyìn fún ohun rere tí aláìsàn ti ṣe; dídá ọ̀rọ̀ aláìsàn padà fún un kí ó lè gbọ́ ọ; àti ṣíṣe àkójọ ohun tí ó ti sọ. Ohun tí ó gbọ́dọ̀ sá fún ni ìkánjú láti tún ayé ẹlòmíràn ṣe fún un.

Bí ìfọ̀rọ̀wérọ̀ náà ṣe lè rí ní èdè Yorùbá

Kí a gbà, gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ, pé ọlọ́kadà kan ti dá oògùn rẹ̀ dúró. Nọ́ọ̀sì kan lè sọ fún un pé, "Ẹ ti fẹ́ ya wèrè padà nìyẹn. Ẹ lọ lo oògùn yín!" Ọkùnrin náà yóò dákẹ́, yóò lọ sílé, kò sì ní padà wá. Nọ́ọ̀sì mìíràn lè gbà á báyìí:

— Ẹ kú ìrọ́jú o, bọ̀dá. Báwo ni oògùn yẹn ṣe ń ṣe yín?

— Nọ́ọ̀sì, n kò ní parọ́ fún yín, mo ti dá a dúró. Oorun ń kùn mí lórí ọ̀kadà, ọwọ́ mi sì ń gbọ̀n. Ta ni yóò gun ọ̀kadà ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n?

— Ó wá dà bí ẹni pé oògùn náà fẹ́ gba iṣẹ́ òòjọ́ yín lọ́wọ́ yín.

— Òun gan-an nìyẹn. Àmọ́ láti bí ọ̀sẹ̀ méjì tí mo ti dá a dúró, oorun ti dá lójú mi. Ìyàwó mi ní mo tún ti ń dá sọ̀rọ̀ lóru.

— Oògùn ń dí iṣẹ́ yín lọ́wọ́; àìlò ó náà sì ti lé oorun lọ, ó sì ń kó ìyàwó yín láyà sókè. Kí ni ẹ̀yin fúnra yín rò pé ó lè ṣe é?

— Bí dókítà bá lè dín in kù, tàbí kí n máa lò ó lálẹ́, n ó tún gbìyànjú.

Nọ́ọ̀sì kejì kò bá a jiyàn, kò sì fún un ní ìlérí tí kò sí ní ìkáwọ́ rẹ̀. Ó gbọ́ ìdí gidi tí oògùn fi dúró, ohun tí nọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ kò ní mọ̀ láéláé. Ní báyìí, ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ṣeé gbé dé iwájú dókítà.

Ìbéèrè mìíràn tí ó wọ́pọ̀ nínú ọgbọ́n yìí ni ti òṣùwọ̀n. Ẹni tí kò fẹ́ràn ìwé lè fi ọmọ ayò ṣe é: "Bí ọmọ ayò 10 bá dúró fún ẹni tí ó fẹ́ ìtọ́jú tọkàntọkàn, mélòó ni ẹ ó kó?" Bí ó bá kó 4, a kì í bi í pé kí ló dé tí kò kó 10. A ó bi í pé kí ló dé tí kò fi kó ẹyọ kan péré. Ìbéèrè àkọ́kọ́ yóò mú àwáwí wá. Ìkejì yóò mú ìdí rere wá.

Ẹni tí ó mọ àṣà Yorùbá yóò rí i pé irú èyí kò ṣàjèjì. Gẹ́gẹ́ bí William Bascom ti ṣàlàyé nínú ìwé rẹ̀ lórí Ifá ní 1969, ẹni tí ó lọ dífá kì í sọ ìṣòro rẹ̀ fún babaláwo. Ó lè rọra sọ ọ́ sí owó tí ó mú lọ́wọ́. Babaláwo a máa ki ẹsẹ Ifá, oníbèéèrè a sì máa tẹ́tí títí yóò fi gbọ́ èyí tí ó bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ mu. Òun ni yóò sọ pé èyí ni tèmi. Ìyàtọ̀ wà, nítorí pé Ifá ni ó ní àṣẹ níbẹ̀, kì í ṣe oníbèéèrè. Síbẹ̀, àwọn méjèèjì gbà pé ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ni ó mọ ibi tí bàtà ti ń ta á lẹ́sẹ̀. Òwe náà sì jẹ́rìí: ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.

Ààlà ọgbọ́n náà

Kò tọ́ kí a gbé ọgbọ́n yìí ga ju bí ó ti yẹ lọ. Ní 1996, Roisin Kemp àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ròyìn pé ìjókòó mẹ́rin sí mẹ́fà tí wọ́n fi ọgbọ́n yìí ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀ mú kí àwọn tí ó ní àìsàn ọpọlọ líle túbọ̀ gba ìtọ́jú. Ṣùgbọ́n ìwádìí tí ó jáde láti Dublin ní 2003 kò rí irú èso bẹ́ẹ̀, èyí tí a sì ṣe láàárín aláìsàn 409 ní Amsterdam, Leipzig, Lọ́ńdọ̀nù àti Verona, tí ó jáde ní 2006, kò rí i pé irú ìtọ́jú tí ó jọ ọ́ dára ju ẹ̀kọ́ ìlera lásán lọ. Ohun tí a rí kọ́ ni pé ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ ń ṣí ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n kò lè rọ́pò oògùn tí ó dára, dókítà tí ó wà nítòsí, tàbí owó tí a ó fi wọkọ̀.

Ààlà kejì ni ti ẹbí. Àwùjọ tí olúkúlùkù ti ń dá pinnu ni wọ́n ti hun ọgbọ́n yìí. Ní Ìtapà tàbí ní Ìfàkì, iyèméjì lè má sí lọ́kàn ẹnì kan ṣoṣo: ìyá lè fẹ́ àdúrà, ẹ̀gbọ́n bàbá lè fẹ́ adáhunṣe, ìyàwó lè fẹ́ ilé ìwòsàn, kí aláìsàn sì fẹ́ kí gbogbo wọn fi òun sílẹ̀. Olùtọ́jú tí ó bá bá aláìsàn nìkan sọ̀rọ̀ ti fi ìdajì iṣẹ́ sílẹ̀; èyí tí ó bá sì bá ẹbí nìkan sọ̀rọ̀ ti padà sí àsìkò àṣẹ. Ẹ̀kọ́ Àró àti ẹ̀kọ́ Miller gbọ́dọ̀ pàdé níbí: kí ẹbí wà níkàlẹ̀, kí ohùn aláìsàn sì máà sọnù láàárín wọn.

Ààlà kẹta ni ti pàjáwìrì. Ẹni tí ó fẹ́ pa ara rẹ̀ tàbí ẹlòmíràn lára, tàbí tí iyè rẹ̀ ti rú pátápátá, kì í ṣe ẹni tí a ó máa ka ọmọ ayò fún. Ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ kíákíá, pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Ní ti ọ̀nà mẹ́ta tí ẹbí ń rìn, ìwádìí tí Gureje darí ní agbègbè Ìbàdàn àti ní Kumasi ní Gánà, tí ó jáde ní 2020, mú ìrètí wá. Wọ́n jẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera bá àwọn adáhunṣe àti àwọn ẹlẹ́sìn ṣiṣẹ́ pọ̀ lórí aláìsàn 307, ara àwọn tí a tọ́jú báyìí sì yá ju ti àwọn tó gba ìtọ́jú àtẹ̀yìnwá lọ. Òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2023, rọ́pò òfin 1958, ó sì fi ẹ̀tọ́ aláìsàn láti kópa nínú ìpinnu lórí ìtọ́jú ara rẹ̀ sínú ìwé. Òfin ti fún aláìsàn ní ohùn. Ó kù kí àwọn tí ó yí i ká kọ́ bí a ṣe ń gbọ́ ọ.

Olùkọ́ àti iyèméjì

Olùkọ́ kì í ṣe dókítà, kò sì gbọdọ̀ ṣe bí ẹni pé òun ni. Kò gbọdọ̀ fún àìsàn lórúkọ, kò gbọdọ̀ dá sí ọ̀rọ̀ ìwọ̀n oògùn, kò sì gbọdọ̀ sọ àṣírí akẹ́kọ̀ọ́ nínú yàrá àwọn olùkọ́. Ṣùgbọ́n nǹkan mẹ́ta wà ní ìkáwọ́ rẹ̀. Ó lè fi wèrè sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ èébú nínú kíláàsì, kí àwọn ọmọ sì rí i pé ó fi í sílẹ̀. Ó lè bi òbí ní ìbéèrè tí ó ṣí sílẹ̀, kí ó sì gbọ́ ìdáhùn dé òpin kí ó tó mẹ́nu ba ilé ìwòsàn. Ó sì lè mọ ibi tí ìtọ́jú wà ní tòótọ́, kí ó lè tọ́ka sí i nígbà tí òbí bá béèrè. Ìwádìí tí Gureje àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2006 lórí ìlera ọpọlọ ní Nàìjíríà rí i pé nínú àwọn tí àìsàn tiwọn le, nǹkan bí ìdá 8 péré nínú 100 ni ó rí ìtọ́jú láàárín oṣù 12. Nínú àwọn 92 tí ó kù, a kò lè sọ pé gbogbo wọn kọ ìtọ́jú. Ọ̀pọ̀ ni kò rí ẹni tí ó jókòó bá wọn sọ̀rọ̀.

Àgbálọgbábọ̀

Ìtàn tí àpilẹ̀kọ yìí tọpa rẹ̀ kò lọ tààrà láti òkùnkùn sí ìmọ́lẹ̀. Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn ọdún 112 tí a ṣí Yábàá. Abúlé Àró ti fi ìdáhùn rere lélẹ̀ kí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ òyìnbó tó ronú kàn án. Ọgbọ́n tí ó ti Norway àti Amẹ́ríkà wá sì ń rán Yorùbá létí ohun tí òwe wọn ti sọ tẹ́lẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni ó dúró láìyẹsẹ̀ nínú gbogbo rẹ̀. Níbi tí a bá ti ka iyèméjì sí ẹ̀ṣẹ̀, aláìsàn a sá. Níbi tí a bá ti kà á sí ọ̀rọ̀ tí ó ní ìdí, aláìsàn a sọ ìdí náà, ìtọ́jú a sì rí ibi tí yóò gbà wọlé. Fún Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́, Ìdó àti gbogbo àríwá Èkìtì, níbi tí ilé ìwòsàn ti wá súnmọ́lé ju ti ìgbà àwọn baba lọ, ọ̀nà tí ó ṣẹ́ kù láti là ni èyí tí ó wà láàárín ẹnu olùtọ́jú àti etí ara rẹ̀.